Kápúsù àti wàrà sóyà: ohun tí ojú mi rí láàárín oṣù mẹ́fà

Ẹni ọdún 53 ni mí, nǹkan oṣù mi sì ti dúró láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ìyẹn ò dùn mí. Ooru ni ò jẹ́ kí n gbádùn. Mo lè jókòó jẹ́ẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì kí ooru kan dédé gbéra láti àyà, kó gba ọrùn gun orí, kí òógùn máa ṣàn lẹ́yìn mi bí ẹni tí òjò pa. Lóru ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni mò ń jí, tí mo máa ń yí ìrọ̀rí sí ojú ibi tó tutù. Bàbá wọn á ti sùn lọ fọnfọn, á tún máa hanrun.

Àbúrò mi ló dárúkọ sóyà. Ó ní nǹkan kan wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní isoflavone, pé ó jọ ẹsítírójìn, ìyẹn hòmóònù obìnrin tó ń gbẹ lára wa. Mo wádìí ẹ̀. Lóòótọ́ ló jọ ọ́, àmọ́ agbára rẹ̀ kò tó ti ẹsítírójìn rárá. Kì í sì í ṣe sóyà nìkan ló nírú ẹ̀. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan tó ń jẹ́ lignan wà nínú yànmọ̀tí. Kẹ́ ẹ má sì rò pé nǹkan ewéko ò lè ṣe nǹkan kan: ní Western Australia, láwọn ọdún 1940, koríko clover tí irú nǹkan yìí pọ̀ nínú rẹ̀ ló sọ ọ̀pọ̀ abo àgùntàn di àgàn. Nígbà tí mo kà á, ẹ̀rín ni mo rín. Èmi tí mo ti bímọ mi tán, kí ni mò ń sá fún?

Kápúsù ni mo kọ́kọ́ rà, torí ọ̀lẹ. Wọ́n kọ ọ́ sára ike pé isoflavone miligíráàmù 40 ló wà nínú ẹyọ kan. Ẹni tó tà á fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan péré, ooru á lọ. Mo lò ó fún oṣù méjì gbáko, mi ò rí ìyàtọ̀ kan tí mo lè tọ́ka sí. Mo pè é, ó ní kí n máa gbé méjì mì lẹ́ẹ̀kan, kí n sì tètè wá ra òmíràn kó tó tán. Mo kí i pé ó dàbọ̀.

Ìgbà náà ni mo lọ sí Bódìjà lọ ra sóyà. Ní Ìbàdàn tiwa yìí, kò yẹ kó ṣòro. Láti apá ìparí àwọn ọdún 1980 ni àwọn IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níbí, ti ń kọ́ obìnrin bí wọ́n ṣe ń fi sóyà se oúnjẹ. Mo máa ń rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, màá bó èèpo rẹ̀, màá sè é díẹ̀ kí òórùn ẹ̀wà tútù lè kúrò, lẹ́yìn náà ó di ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ata rodo òde ìyàwó ni wọ́n lọ̀ ṣáájú tèmi. Mo ní kó fi omi ṣan ẹ̀rọ dáadáa, ó ní “Màmá, ó ti mọ́.” Mo délé, mo sẹ́ ẹ, mo sè é, mo fi atalẹ̀ sí i. Bí mo ṣe gbé ife kan sẹ́nu, ẹnu mi gbiná. Ooru ọjọ́ náà, sóyà kọ́ ló fà á. Láti ọjọ́ yẹn, blender ilé ni mò ń lò.

Ife méjì lójoojúmọ́ ni mò ń mu. Wọ́n ní isoflavone inú ife kan máa ń tó nǹkan bíi miligíráàmù 25, kì í sì í dọ́gba. Ife méjì ti kọjá ibi tí kápúsù yẹn ní òun dé díẹ̀, ó sì tún fi purotéènì kún un. Inú mi kùn rọ̀ọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ ò gbọ́dọ̀ jókòó tì mí. Mò ń sàmì sínú ìwé lálaalẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, jíjí mi ti di ẹ̀ẹ̀mejì, nígbà míì ẹ̀ẹ̀mẹta.

Àmọ́ ọyẹ́ ti dé nígbà yẹn. Ṣé sóyà ni àbí ọyẹ́? Mo dúró di oṣù Fẹ́búárì, tí ooru Ìbàdàn padà wá gan-an, iye náà kò gòkè. Síbẹ̀, mi ò lè búra. Nínú ìwádìí, ooru máa ń dín kù lára àwọn tí wọ́n fún ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú pàápàá. Lọ́dún 2023, àwọn Menopause Society ti Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ìdúró nǹkan oṣù, sọ pé àwọn ò dámọ̀ràn sóyà fún ooru yìí. Ìfun sì tún yàtọ̀ síra: kòkòrò inú àwọn kan ló ń sọ sóyà di equol tó lágbára jù ú lọ, ti àwọn míì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bóyá tèmi ń ṣe é.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí mo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé rèé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lo levothyroxine nítorí táírọ́ọ̀dù. Nígbà tí mo lọ ṣe àyẹ̀wò, TSH mi, iye tó máa ń gòkè tí oògùn táírọ́ọ̀dù kò bá tó lára, ti gòkè. Dókítà, ọmọdé bí àkọ́bí mi, wojú mi: “Mọ́mì, kí lẹ fi ń gbé oògùn yín mì láàárọ̀?”

Mo ní, “Wàrà sóyà ni.”

Ó ju báírò sílẹ̀. Sóyà kì í jẹ́ kí ara gba oògùn yẹn dáadáa, èmi sì ń fi ọwọ́ ara mi pò wọ́n pọ̀ lójoojúmọ́. Ní báyìí, omi lásán ni mo fi ń gbé e mì láago mẹ́fà, wàrà di ọ̀sán. Ọ̀rẹ́ mi tó ń lo tamoxifen, oògùn jẹjẹrẹ ọyàn, náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ bi dókítà rẹ̀ ná, mi ò bu ife kankan fún un.

Kápúsù: 2 nínú 10. Wàrà: 6. Ì bá jẹ́ 7, àmọ́ ẹ bi bàbá wọn léèrè nípa inú kíkùn yẹn.