Ẹ̀yin tó ń kọ́lé ní Àjàṣẹ́, ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta pákó "mesquite"

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, àti ẹ̀yin ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ tó máa ń wá ra igi níbí, ẹ dákun, ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ní pákó mesquite, igi líle kan láti Texas, tẹ́ ò bá tíì fi ayùn gé e wò. Olè ni ọkùnrin náà. Mo tún un sọ: olè ni.

1,900,000 sẹ́fà ló gbà lọ́wọ́ mi. Owó aṣọ tí mo ń tà ni, ẹnì kankan ò fún mi lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní San Antonio ló fi àwòrán pálọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Pákó mesquite ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, ó pọ́n, ó ń dán. Ó ní Texas àti Mexico ni igi yẹn ti ń hù, àti pé ó le gan-an: lórí òṣùwọ̀n Janka tí wọ́n fi ń mọ líle igi, mesquite gba 2,345, oak pupa ti Amẹ́ríkà gba 1,290. Kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ wú tàbí kó sún kì bí ojú ọjọ́ bá yí padà. Àwa tí ọ̀sà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tí àsìkò òjò ń dé bá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, tí ọyẹ́ tún ń gbẹ gbogbo nǹkan ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, ta ni kò ní fẹ́ irú igi bẹ́ẹ̀?

Ọkùnrin yìí ní kọntéénà òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí èbúté Kútọnu ni. Ó mú àpẹẹrẹ wá sílé. Ó wúwo. Mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, kò hàn níbẹ̀ rárá. Ẹ rí i pé mo yẹ̀ ẹ́ wò! N ò dijú sanwó. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lójú ọkọ mi: "Ìyá mi, ẹ fọkàn balẹ̀, ọmọ yín ni mí."

Ọmọ mi! Alẹ́ ló kó ẹrù dé. Iná ti lọ, òjò ṣú, àwọn tó ń bá a rù ú ń pariwo pé ká tètè. Ó ní kí n san ìyókù kí ọkọ̀ lè padà. Mo gbé pákó òkè lórí ìdì kan, ó wúwo, ó pọ́n. Mo sanwó.

Pákó òkè nìkan ni igi líle! Arère ló kún inú ìdì. Arère tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kùn! Ìgbà tí mo fi omi nu ilẹ̀ ni àkísà pọ́n. Ẹsẹ̀ àga wọnú pákó. Mo ní kí wọ́n gé ọ̀kan, inú rẹ̀ funfun báláú. Gbẹ́nàgbẹ́nà mi, tó ti kan ìdajì pálọ̀, wá ní òun rò pé bí igi òyìnbó ṣe ń rí nìyẹn. Ayùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń gé e lójoojúmọ́, kò sọ̀rọ̀! Ṣé ó gba nínú owó náà ni? N ò lè fọwọ́ sọ̀yà, ṣùgbọ́n n ò ní gbé iṣẹ́ fún un mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi wá bi mí pé báwo ni pákó mesquite ṣe máa gùn tó mítà mẹ́rin. Igi náà kì í ga, ó máa ń wọ́, pákó kúkúrú kúkúrú ni wọ́n sábà máa ń rí gé nínú rẹ̀, ó sì máa ń ní kókó àti ojú sísán tí wọ́n ń fi gúlú dí. Tèmi gùn, ó tọ́, kò ní kókó kan. Mo tiẹ̀ ń yọ̀ pé ó tọ́! Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ṣùgbọ́n ta ló ti fojú rí mesquite rí ní Àjàṣẹ́? Ìwọ tó fẹ́ bú mi, ṣé o mọ̀ ọ́n?

Fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́. Àgádágodo wà lẹ́nu ilé ìkẹ́rù rẹ̀. Onílé ní oṣù dé oṣù ló ń háyà ibẹ̀. Kò sí ontagi tí mo gbà gbọ́ mọ́, kò sí, ìbáà jẹ́ ẹni tí a jọ ń jọ́sìn.

Ẹ fa pákó àárín ìdì yọ fúnra yín, kẹ́ ẹ gé e. Ẹ má gba ẹrù lálẹ́. Kí orúkọ igi wà lórí ìwé ìsanwó. Kí pákó wà nínú yàrá tó bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí wọ́n tó kàn án. Bó bá sì jẹ́ igi líle lẹ fẹ́, apá àti ìrókò wà nílẹ̀ wa, ẹ óò rí ẹni tó mọ̀ wọ́n bá yín wò ó.

Mo gbọ́ pé ó ti ń gba àsansílẹ̀ ní Kétu fún kọntéénà mìíràn, orúkọ mìíràn ló sì ń jẹ́ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ìwọ lo san án, má fi ìyókù kún un. Sọ ọjọ́ tí ẹrù máa dé fún mi, mò ń bọ̀.