WD-40 lára Boxer àtijọ́: ibi tó ti wúlò, ibi tó ti ń fowó ṣòfò

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. WD-40, epo fífọ́n inú agolo, dára púpọ̀, àmọ́ kì í ṣe ọṣẹ, kì í sì í ṣe epo ṣéènì. Ẹni tó bá ra agolo ńlá kan pé òun fẹ́ fi fọ alùpùpù Boxer tó ti wà lábẹ́ igi máńgòrò láti ọdún méjì, agolo á ti gbẹ kó tó dé ìdajì ẹ́ńjìn, ìdọ̀tí á sì tún wà níbẹ̀. Ìlú San Diego ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é lọ́dún 1953, kó lè máa lé omi kúrò lára irin, kí awọ rọ́kẹ́ẹ̀tì Atlas má bàa dípẹtà. Iṣẹ́ yẹn náà ló ṣì mọ̀ jù lọ títí dòní. Ibi tí omi tàbí ìpẹtà bá wà, ẹ pè é síbẹ̀. Ibi tó bá jẹ́ ọ̀rá tàbí amọ̀, ẹ jẹ́ kí nǹkan tí kò wọ́n tó o ṣe é.

Boxer BM100 la ó fi ṣàpèjúwe, torí òun ló kún ojú títì wa. Atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìn rẹ̀ lára, kò lo omi. Nítorí náà, amọ̀ pupa tó gan mọ́ àárín àwọn ìyẹ́ irin ara sìlíńdà kọjá ọ̀rọ̀ ẹwà: ooru ò ní rọ́nà jáde, epo ẹ́ńjìn á tètè ṣàn bí omi, ẹ́ńjìn á sì máa gbóná jù. WD-40 ò níṣẹ́ kankan ṣe níbẹ̀. Omi lítà 10 nínú garawa, ọṣẹ oníyẹ̀fun ṣíbí ìjẹun mẹ́ta, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́, ó parí. Ẹ rin amọ̀ náà, ẹ fi sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú kó rọ̀, kí ẹ wá fi igi pẹlẹbẹ họ ọ́. Ẹ má fi sukudiráfà họ ọ́, torí àwọn ìyẹ́ yẹn ń kán.

Ẹ́ńjìn gbọ́dọ̀ tutù kí omi tó kàn án. Omi tútù lórí irin gbígbóná lè mú kó sán. Ẹ fi ọ̀rá nílọ́ọ̀nù àti rọ́bà di ẹnu sàlẹ́ńsà. Ẹ di ẹnu ibi tí kábúrétọ̀ ti ń fa atẹ́gùn náà. Ẹ yọ bátìrì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá ṣí ìdérí apá òsì tó bo sípírọ́kẹ́ẹ̀tì (irin eléyín tí ṣéènì ń yí lé) kékeré níwájú. Sípánà 8 tàbí 10 á ṣí i. Ibẹ̀ ni ìdọ̀tí tó burú jù lára alùpùpù àtijọ́ máa ń wà: epo ṣéènì, iyanrìn àti koríko á ti pò pọ̀, wọ́n á ti dì dúdú, ó lè nípọn tó ìka ọwọ́ méjì. Ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi WD-40 ṣòfò. Ohun tó ń yọ ọ̀rá wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni, ó sì máa ń ṣàn lọ kó tó ráyè wọnú ọ̀rá tó nípọn. Ẹ kọ́kọ́ fi igi gbẹ́ èyí tó bá ṣeé gbẹ́. Ẹ wá da kẹrosíìnì ààbọ̀ lítà sínú abọ́ tí ẹ ò lò mọ́, kí ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé kùn ún mọ́ ọn. Tó bá tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ tún un kùn, kí ẹ wá fi omi ọṣẹ yẹn ṣàn án kúrò. Ẹ má pa ìgbésẹ̀ omi ọṣẹ jẹ, torí kẹrosíìnì máa ń fi ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sílẹ̀, eruku ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ló máa kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Pẹtiróòlù ńkọ́? Ó ń yọ ọ̀rá ju kẹrosíìnì lọ, ó sì ń gbiná ju kẹrosíìnì lọ. Ẹ fi sílẹ̀ nínú táǹkì.

Ibi tí owó WD-40 ti pé ni ara nọ́ọ̀tì tó ti lẹ̀: nọ́ọ̀tì táyà ẹ̀yìn, àwọn irin tí wọ́n fi ń fa ṣéènì le, àti pàápàá jù lọ nọ́ọ̀tì méjì tó so ọrùn sàlẹ́ńsà mọ́ orí ẹ́ńjìn. Àwọn méjì yìí, ẹ má bá wọn jà. Inú alumíníọ́mù ni ẹsẹ̀ wọn wọ̀ sí. Tó bá kán sínú, gbígbẹ́ ni wọ́n máa gbẹ́ ẹ, owó rẹ̀ á sì ju owó agolo márùn-ún lọ. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbo ìpẹtà ojú rẹ̀ kúrò, ẹ fọ́n WD-40 sí ìdí nọ́ọ̀tì, ẹ fi òòlù kékeré gbá a jẹ́jẹ́, kó lè rí ojú ibi tó máa gbà wọlé. Ẹ jẹ́ kó sùn síbẹ̀ mọ́jú, kí ẹ tún un fọ́n láàárọ̀. Nígbà tí ẹ bá gbé sípánà lé e, ẹ kọ́kọ́ dè é le díẹ̀ ná, díẹ̀ báyìí, kí ẹ tó yí i sí apá tó ń tú; yíyí síwá-sẹ́yìn yẹn ló ń fọ́ ìpẹtà. Tó bá ṣì ń ṣagídí, àdàlù epo gíà ATF àti acetone (omi tí wọ́n fi ń ṣí ọ̀dà èékánná), ìdajì sí ìdajì, máa ń wọlé ju WD-40 lọ. Acetone máa ń ṣí ọ̀dà o, kò gbọ́dọ̀ ta sí táǹkì.

Ọ̀rọ̀ ṣéènì ló ń dá awuyewuye sílẹ̀ jù láàárín àwọn ọlọ́kadà. WD-40 kì í ba ṣéènì jẹ́. Ohun tó ń ba ṣéènì jẹ́ ni kí wọ́n fọ́n ọn tán, kí wọ́n gùn ún lọ. Ó máa ń fọ epo àtijọ́ kúrò láàárín àwọn píìnì, àwọ̀ fẹ́lẹ́ tó sì fi sílẹ̀ kò lè gbé ẹrù èèyàn méjì àti àpò sìmẹ́ńtì kan. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ yọ ṣéènì náà, ẹ rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì fún wákàtí kan, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ẹ nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Ẹ wá kán epo gíà SAE 90 sí oríkèé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti apá inú, kí ẹ nu èyí tó bá wà lójú kúrò, torí epo ojú kò ń ṣe nǹkan kan ju kó máa kó iyanrìn jọ. Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, ibi tí kílíìpù ìdè rẹ̀ ti dí ni kó kọjú sí ibi tí ṣéènì ń lọ. Ẹnu tó là ni kó wà lẹ́yìn. Kí ṣéènì lè mì sókè sódò ní nǹkan bí mìlímítà 20 sí 30. Kí ẹ tó ṣe wàhálà yìí rárá, ẹ fa ṣéènì sẹ́yìn lára sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá: tí ìdajì eyín bá hàn lábẹ́ rẹ̀, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ ra tuntun pẹ̀lú sípírọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì.

Alùpùpù tó ń ṣiṣẹ́ kó tó wẹ̀, tí wọ́n wá tapá sí kíkì títí tí kò dáhùn, omi ló sábà máa ń wà nínú fìlà pọ́ọ̀gì tàbí níbi tí wáyà CDI (àpótí kékeré tó ń darí iná pọ́ọ̀gì) ti so pọ̀. Agolo yìí ò ní akẹgbẹ́ níbẹ̀. Ẹ pa kọ́kọ́rọ́ iná, ẹ yọ fìlà pọ́ọ̀gì, ẹ fọ́n ọn sínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ gbọ̀n ọ́n dànù, ẹ dúró díẹ̀ kó fẹ́, kí ẹ tó dá a padà. Ojú ihò kọ́kọ́rọ́ tó ti le náà ń jàǹfààní rẹ̀.

Bíréèkì, rárá. Dúrọ́ọ̀mù ni BM100 ń lò níwájú àti lẹ́yìn, ṣúù inú rẹ̀ sì máa ń fa epo mu. Bí WD-40 bá kàn án, bíréèkì á máa yọ̀, kò sì sí fífọ̀ tó máa mú un padà bọ̀ sípò. Ẹ pààrọ̀ ṣúù náà ni. Eruku inú dúrọ́ọ̀mù, ẹ fi àkísà tútù nù ún, ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, torí asbestos (ohun tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́) lè wà nínú ṣúù àtijọ́. Ẹ má fọ́n ọn sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́árín táyà náà, á yọ́ gírísì ibẹ̀. Ìdí kan náà nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ jẹ́ kí àwọn onífọkọ̀ gbé ẹnu ẹ̀rọ omi alágbára wọn sún mọ́ àárín rímù tàbí ọrùn ìdarí. Bí wọ́n bá ní àwọn ní omi kan tó ń mú irin funfun bọ̀ kíákíá, ẹ béèrè bóyá sódà káústíìkì wà nínú rẹ̀. Sódà ń jẹ alumíníọ́mù, ẹ́ńjìn á sì di pátipàti. Ìjókòó náà ò gbọdọ̀ rí WD-40, àfi tí ẹ bá fẹ́ kí èrò ẹ̀yìn máa yọ̀ bí ẹni jókòó lórí ilá.

Lára sàlẹ́ńsà tó dípẹtà, bébà alumíníọ́mù tí wọ́n fi ń di ẹran sísun ló borí. Ẹ ká a, ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ omi, ẹ fi gbo ó. Ó rọ̀ ju kúróòmù (awọ dídán ara sàlẹ́ńsà) lọ, kì í fi ilà síbẹ̀. Ẹ wá fi WD-40 nù ún kẹ́yìn. Tí ẹ bá tan ẹ́ńjìn, èéfín á rú lára rẹ̀, èyí kì í ṣe àìsàn. Gọ́ọ̀mù pẹtiróòlù àtijọ́ inú kábúrétọ̀ ń fẹ́ oògùn kábúrétọ̀ gan-an, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ àwọn rọ́bà inú rẹ̀, ihò jẹ́ẹ̀tì rẹ̀ (ibi tí pẹtiróòlù ń gbà kọjá) sì ń fẹ́ fọ́nrán wáyà bàbà kan ṣoṣo. Abẹ́rẹ́ á mú ihò náà fẹ̀.

Fún alùpùpù kan, agolo kékeré ti tó. Ayédèrú wà lọ́jà, nítorí náà ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ lè dá a padà fún, kí ẹ sì yan èyí tí páìpù pupa tín-ín-rín wà lẹ́nu rẹ̀, torí láìsí i, ìdajì rẹ̀ á bá atẹ́gùn lọ. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí ẹ̀yìn alùpùpù tó ń yá oòrùn: ooru tó bá ju 50°C lọ lè mú kó bẹ́.