Autcraft: ibi tí ọmọ mi ti rí ẹgbẹ́

Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún 14, ó sì ní ọ́tísímù, ìyẹn ni pé ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tó bá ń gbé àdúgbò wa ní Bódìjà á ti rí i rí: òun ló máa ń fi ọwọ́ méjèèjì di etí bí ọkọ̀ bá fọn fèrè. "Dìndìnrìn" ni wọ́n ń pè é ní ilé ìwé tó lọ tẹ́lẹ̀. Ìyá àgbà kan ní kí n gbé e lọ sórí òkè àdúrà. N kò bá wọn bínú mọ́, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta gbáko ni ọmọ yìí fi wà láìní ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ nílé á mọ Minecraft, eré orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń to búlọ́ọ̀kù kọ́lé. Stuart Duncan, ará Kánádà tí òun náà ní ọ́tísímù, tó sì bí ọmọ tó ní in, ló dá Autcraft, ibi ìpàdé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, sílẹ̀ nínú eré yẹn lọ́dún 2013 fún àwọn ọmọ bíi tèmi àti ẹbí wọn. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá kanlẹ̀kùn ló ń wọlé: a kọ̀wé béèrè, a sì dúró kí wọ́n tó gbà wá. Èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni fi ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀, kó jí ẹrù rẹ̀, tàbí kó wó ilé tó kọ́. Òbí náà lè wọlé. Mo wọlé.

Ilé Koko tó wà ní Dùgbẹ̀ ni ọmọ mi kọ́kọ́ kọ́ síbẹ̀. "Mọ́mì, alájà 26 ni, mítà 105, wọ́n parí ẹ̀ ní 1965." Ó ti sọ ọ́ fún gbogbo wa títí ó fi sú wa. Ọjọ́ tó ku àjà mẹ́rin, ọmọ kan wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà, ó kọ ọ́ pé ilé kí nìyí. Mo jókòó tì í. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá, tèmi kò dáhùn, ó ń fi ìka ra ìka. Ọmọ yẹn kò bèèrè bóyá ó yadi. Kò lọ. Ó kàn ń fò sókè sódò níbẹ̀, ó ń dúró dè é. Nígbà tí tèmi máa dáhùn, ìlà 12 ló kọ, láti orí owó kòkó tí wọ́n fi kọ́ ilé náà dé orí iná tó jó o lọ́dún 1985. Èkejì ní òun á bá a wá gíláàsì fèrèsé. Mo dìde lọ sí ilé ìdáná, mo sunkún.

Owó ni wọ́n fi ń ra Minecraft fúnra rẹ̀, dátà sì ń lọ. Òyìnbó ni wọ́n ń kọ. Bí ọmọ ìlà oòrùn Kánádà bá ti ilé ìwé dé ní aago mẹ́rin, aago mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá alẹ́ ti lù n'Íbàdàn, ìyẹn ni a ṣe fi í sí òpin ọ̀sẹ̀. Iná mànàmáná ló dùn mí jù. Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n mú iná lọ nígbà tí ọmọ mi ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ó sì ń forí gbá ògiri pé ọmọ yẹn á rò pé òun já a sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ kan ti ń dúró dè é: ṣé àlàáfíà lo wà? Ẹ ṣètò bátìrì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.

Àwọn kan ní ọ̀rẹ́ inú kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọ̀rẹ́. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà ìsinmi tó kọjá, ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún 12, wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Kì í sún mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀. Ó rí báwọn ọmọ ṣe ń kí i nínú eré náà, ó fa àga, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ kọ́ mi." Kò pè é ní bọ̀ọ̀dá rí.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo kó àwọn méjèèjì lọ sí Dùgbẹ̀ láàárọ̀ kùtù, kí ariwo tó gòkè. Wọ́n dúró ní òdì kejì títì, wọ́n ń ka àjà Ilé Koko. Ó dàrú mọ́ wọn lójú ní 17, wọ́n sì tún un kà láti ìsàlẹ̀.