Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú: ọjà yẹn dáa, àwọn tó ń gún un ló kù díẹ̀ káàtó

Ẹ kú ilé o. Mo fẹ́ lọ ra ọjà ní Àkrá lóṣù tó kọjá, Gánà ò sì ní jẹ́ kéèyàn wọlé láìsí yẹ́lò káàdì, ìyẹn káàdì tó ń fi hàn pé èèyàn ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, pé èèyàn kan wà tó máa bá mi ṣe káàdì náà láìgún mi lábẹ́rẹ́ kankan. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀fọn máa ń ka káàdì kó tó jẹ èèyàn ni? Ẹ̀rín ló ń rín. Èmi gbéra, mo lọ gba abẹ́rẹ́ tèmi níbi tíjọba ti ń gún un, l'Ékòó níbí, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀.

Kí n tó sọ bí wọ́n ṣe ṣe mí, ẹ jẹ́ kí n yin ọjà fúnra ẹ̀ ná, torí ọ̀pọ̀ wa là ń na apá fún wọn tá ò mọ ohun tó ń wọlé síbẹ̀. Èmi ti bá wọn tọ́jú eku funfun ní láàbù, níbi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí àrùn, rí fún bí ọdún mẹ́rin, ìdí nìyẹn tí mo fi mọ díẹ̀ ńbẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì, ìyẹn kòkòrò àrùn tó kéré ju ohun tójú lè rí, tó wà nínú ìgò yẹn ò kú o, alààyè ni. 17D ni wọ́n ń pè é. Ara ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi ní Kpeve, ní Gánà yẹn náà, ni wọ́n ti gba ìyá ńlá ẹ̀ lọ́dún 1927. Asibi ní tiẹ̀ gbádùn, àmọ́ nígbà tí wọ́n gún ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ sára ọ̀bọ tí wọ́n kó wá láti Íńdíà, wàhálà dé. Àwọn ọ̀bọ ilẹ̀ tiwa, ibà pọ́njú kì í sábàá pa wọ́n, ti Íńdíà ló jẹ́ pé kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ẹ̀dọ̀ á ti bàjẹ́, ó ti parí. Yaba sì ni ibùdó àwọn òyìnbó àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ibà pọ́njú yẹn wà, àní Yaba wa yìí tá a ti ń ra òkìríkà. Adrian Stokes tó wà lára wọn kó àrùn náà, ó kú l'Ékòó lọ́dún yẹn gan-an, Noguchi, olùṣèwádìí mìíràn, kú sí Àkrá ní 1928, William Young tó yẹ òkú Noguchi wò tẹ̀lé e láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kì í ṣe eré rárá.

Ní 1927 kan náà, àwọn Faransé gba fáírọ́ọ̀sì tiwọn lára aláìsàn kan ní Dakar. Ibí lọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi jù. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Max Theiler rí i pé tí wọ́n bá fi fáírọ́ọ̀sì yìí sínú ọpọlọ eku, ó máa ń pa eku, wọ́n wá ń gbé ti Dakar yìí láti ọpọlọ eku kan sí òmíràn, léraléra, títí tí kò fi ba ẹ̀dọ̀ ọ̀bọ jẹ́ mọ́. Ẹ̀ ń rò pé ó ti rọ̀ nìyẹn àbí? Irọ́ o! Wọ́n fi sínú ọpọlọ ọ̀bọ kan náà, ọ̀bọ kú. Ó kàn fi ẹ̀dọ̀ sílẹ̀ bọ́ sí ọpọlọ ni. Ìyẹn náà làwọn Faransé fi ṣe abẹ́rẹ́ tiwọn, wọ́n máa ń fín in sára èèyàn ni, kí n má parọ́ mọ́ wọn, ó gba ẹ̀mí púpọ̀ là ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé kan ń ní àìsàn ọpọlọ lẹ́yìn ẹ̀, ó ṣẹlẹ̀ ní ìlà oòrùn Nàìjíríà nígbà tí wọ́n lò ó ńbẹ̀ ní bíi 1952, àwọn kan kú sí i. Èmi ò lè fún irú ọjà yẹn ju ìràwọ̀ méjì lọ, wọ́n sì ti ṣíwọ́ ẹ̀ tipẹ́.

Ti Asibi ni Theiler àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní New York wá ń tọ́ dà bí ọmọ alágídí. Wọ́n tọ́ ọ nínú ẹran ọmọ eku tí wọn ò tíì bí, wọ́n gbé e lọ sínú ẹran ọmọ adìyẹ inú ẹyin, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n yọ ọpọlọ àti mùdùnmúdùn ẹ̀yìn ọmọ adìyẹ náà kúrò, wọ́n ń tọ́ ọ lọ nínú ìyókù, ó lé ní ìgbà ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí wọ́n dá a padà sára ọ̀bọ Íńdíà tí fáírọ́ọ̀sì Asibi ń pa, ibà díẹ̀ báyìí, ó tán. Wọ́n fi sínú ọpọlọ, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀bọ náà ò kú. Wọ́n wá gún wọn ní ojúlówó fáírọ́ọ̀sì Asibi lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n dúró gbọin. Ọdún 1937 ni wọ́n tẹ ìròyìn ẹ̀ jáde, Theiler gba ẹ̀bùn Nobel ní 1951.

Ohun táwa ará láàbù mọ̀ nìyí, pé kéèyàn ní fáírọ́ọ̀sì yìí le ju ìyẹn lọ, ẹnu lásán ni, ẹranko wo? Ibo lára ẹ̀? Eku yìí gan-an, tẹ́ ẹ bá fi 17D sínú ọpọlọ ẹ̀, ó máa kú, ayé àtijọ́ iye eku tó bá kú ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ náà ṣì lágbára! Gbogbo àárọ̀ la máa ń gbé eku sórí ìwọ̀n, ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí irun ẹ̀ bá dìde tó ká ẹ̀yìn jọ sí kọ̀rọ̀, ẹ ò nílò ìwé kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé ọ̀la ẹ̀ ò dájú. Títí dòní náà, irúgbìn tuntun, ìyẹn fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n bá fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ yìí, ọ̀bọ mẹ́wàá ó kéré tán ni wọ́n gbọ́dọ̀ dán an wò lára wọn, kí wọ́n fi í wé èyí tí wọ́n ti mọ̀. Torí ní Brazil ní 1941, wọ́n tọ́ ọ kọjá ààlà, ló bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í mú èèyàn lọ́pọlọ.

Ó dáa, ó kan àwọn tó gún mi. Aago mẹ́jọ ni wọ́n ní kí n wá, mo débẹ̀ aago méje ààbọ̀. Ìgò kan jẹ́ ti èèyàn mẹ́wàá, tí wọ́n bá ti pò ó, láàárín wákàtí mẹ́fà wọ́n gbọ́dọ̀ lò ó tán tàbí kí wọ́n dà á nù, ni nọ́ọ̀sì bá ní, "Ẹ jókòó, a ò lè torí yín nìkan ṣí i." Mo gbà, àmọ́ ẹ kúkú ti sọ fún mi lánàá! Aago mọ́kànlá kọjá ká tó pé mẹ́wàá. Ó fi omi ẹ̀ sí i, ìyẹ̀fun tó lẹ̀ mọ́ ìdí ìgò bí èérún búrẹ́dì yòrò wọ́ọ́rọ́wọ́, ó rọra ń yí i, kò jù ú sókè sódò, ìyẹn wù mí. Ọwọ́ ẹ̀ ò dùn mí rárá.

Ohun tó bí mi nínú ni pé wọn ò bi ẹnì kankan ní nǹkan kan. Kò sí ṣé ẹyin adìyẹ kì í bá yín lára mu, kò sí ṣé ẹ lóyún. Ìyá àgbà kan jókòó tì mí, mo ní, "Ẹ má bínú o mà, ṣé ẹ ti pé ọgọ́ta ọdún?" Ó ní, "Ọmọ mi, mo ti lé láàádọ́rin, ọ̀dọ̀ ọmọ mi l'Ábíjàn ni mò ń lọ." Ewu tó le nínú abẹ́rẹ́ yìí ṣọ̀wọ́n gan-an, àmọ́ ó máa ń ga sí i fáwọn tó ti lé lọ́gọ́ta, torí fáírọ́ọ̀sì alààyè ni, ó yẹ kí dókítà kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì, ó wò mí láti òkè délẹ̀, "Ṣé dókítà ni yín ni?" Mo ní rárá, eku ni mo tọ́jú. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ wọ́n mú ìyá wọlé sọ́dọ̀ dókítà.

Bọ̀dá tó ń kọ káàdì tún kọ ọdún mẹ́wàá sí tèmi. Láti oṣù keje ọdún 2016 ló ti di ti ìgbésí ayé ẹni, ẹ̀ẹ̀kan ti tó. A fa ọ̀rọ̀ náà títí kó tó lọ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀, ó padà wá, kò bá mi sọ̀rọ̀, ó kọ òmíràn. Ẹ rí i pé ẹ gbà á kó tó ku ọjọ́ mẹ́wàá tẹ́ ẹ máa rìn o, káàdì ò tíì ṣiṣẹ́ kó tó di ìgbà yẹn. Lọ́jọ́ karùn-ún orí fọ́ mi díẹ̀, ara ro mí, ó lọ.

Abẹ́rẹ́: ìràwọ̀ márùn-ún. Ibi tí mo ti gbà á: méjì, ìkan nínú ẹ̀ ti ọwọ́ nọ́ọ̀sì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ síbẹ̀, ẹ kó èèyàn mẹ́sàn-án dání.