FL Studio, Live, Logic, Reaper: Èwo Ló Ń Bu Ènì fún Oníbàárà Àtijọ́?

Ẹni tó ń wá sọ́fítíwíà tí yóò fi máa ṣe bíìtì kì í ṣàì bi mí pé, "Bùọ̀dá, èló ni wọ́n ń tà á?" Ìdajì ìbéèrè nìyẹn. Ìdajì yòókù ni pé, bí wọ́n bá gbé ẹ̀dà tuntun jáde, èló ni wọn yóò tún gbà lọ́wọ́ èmi tí mo ti rà á? Ní ọjà Bódìjà, ẹni tó ti ń ra gàrí lọ́wọ́ ìyá kan fún ọdún márùn-ún kì í gba ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ẹni tó kàn ń kọjá lọ. Wọn á bu ènì sí tirẹ̀, nígbà mìíràn kó tó béèrè. Ojú ènì yẹn ni mo fẹ́ fi wo mẹ́rin nínú àwọn sọ́fítíwíà tí a fi ń ṣe orin.

Owó àkọ́san wọn rèé:

Reaper: $60 fún ẹni tí owó tó ń rí nídìí iṣẹ́ náà kò bá ju $20,000 lọ lọ́dún, $225 fún ẹni tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ.
FL Studio, ìpele Producer: nǹkan bí $200.
Logic Pro: $199.99, fún ti Mac.
Ableton Live 12: Intro $99, Standard $439, Suite $749.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí FL, torí òun ló wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ wa. Image-Line, ilé-iṣẹ́ Bẹ́ljíọ̀mù tó ni ín, sọ pé bí ẹ bá ti rà á lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ẹ̀dà tó bá tún jáde lẹ́yìn náà di tiyín lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n sì ń ṣe é. Ní 2018, nígbà tó pé ogún ọdún, wọ́n fo láti FL Studio 12 bọ́ sí 20, wọ́n sì gbé ti Mac jáde. Ẹni tó ti ra ti Windows gba ti Mac pẹ̀lú, kò san kọ́bọ̀.

Ibo wá ni wọ́n ti ń jẹun? Lára àwọn tuntun tó ń wọlé, lára ẹni tó fẹ́ kúrò ní ìpele kékeré bọ́ sí ńlá, lára plugin (àfikún irinṣẹ́ tí a ń so mọ́ sọ́fítíwíà náà) tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀, àti láti 2023, lára FL Cloud, iṣẹ́ wọn orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń gba owó rẹ̀ lóṣooṣù. Inú rere nìkan kọ́. Ọ̀gá tó ń lo FL ni yóò kọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní FL, wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó ṣe rí ní Èkó àti Ìbàdàn gan-an nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé, ká má tan ara wa, kíráàkì, ẹ̀dà tí a kò sanwó rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ ibì kan o. Ìpele tí ẹ rà ni wọ́n ń tún ṣe fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ìpele Fruity, tó kéré sí Producer, kò ní di Producer láéláé bí ẹ kò bá san ìyàtọ̀ owó wọn, ẹni tó bá sì fẹ́ gba ohùn olórin sílẹ̀, kó kúkú bẹ̀rẹ̀ láti Producer. Ẹ lè kọ́kọ́ dán an wò láìsanwó. Yóò bá yín fi iṣẹ́ pamọ́, àmọ́ bí ẹ bá tì í pa, kò ní ṣí iṣẹ́ náà padà fún yín títí ẹ ó fi sanwó. Ọgbọ́n ọlọ́jà nìyẹn.

Live yàtọ̀. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Berlin, ẹ̀dà ńlá tuntun sì ń jáde lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan: 9 ní 2013, 10 ní 2018, 11 ní 2021, 12 ní 2024. Àtúnṣe tó bá wà láàárín nọ́ńbà kan, bíi 12.1, ọ̀fẹ́ ni. Bí nọ́ńbà bá yí, owó ni. Oníbàárà àtijọ́ kì í san tó ti ẹni tuntun, èyí tó rà tẹ́lẹ̀ kò sì ní kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun tí mo fẹ́ràn lára wọn ni pé wọn kì í fi iṣu àná dẹ pàkúté fún ènìyàn. Nígbà tí wọ́n kéde 12 ní oṣù kọkànlá 2023, wọ́n sọ ọ́ ní gbangba pé ẹni tó bá ra 11 báyìí yóò rí ẹ̀dínwó ìdá kan nínú márùn-ún owó rẹ̀, 12 yóò sì jẹ́ tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ bó bá jáde.

Síbẹ̀, náírà ni àwa ń ná. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, dọ́là kan kò tíì tó ₦500 ní báńkì. Ní oṣù kejì 2024, ó ti kọjá ₦1,400. Ká ní $200 ni ẹ fẹ́ fi gba ẹ̀dà tuntun: ohun tí kò tó ₦100,000 ti di ohun tó lé ní ₦280,000 láàárín nǹkan bí ọdún kan, láìjẹ́ pé àwọn ará Berlin fi sẹ́ńtì kan kún un. Ìdí nìyí tí ìlérí "ẹ kò ní san mọ́" fi wúwo létí wa ju bó ṣe wúwo létí ẹni tó ń gba owó oṣù rẹ̀ ní dọ́là.

Logic, tí Apple ni ín, ní ìtàn méjì. Nígbà tí Logic Pro X jáde ní 2013, $199.99 náà ni ẹni tó ti ní Logic 9 san, bíi ti àlejò, torí App Store, ọjà sọ́fítíwíà Apple, kò ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń dín owó fún oníbàárà àtijọ́. Láti ìgbà náà, Apple kò tún gba owó àtúnṣe lórí Mac. Logic Pro 11 tó dé ní oṣù karùn-ún 2024 pàápàá, ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó ti rà á. Àmọ́ ẹ̀dà tuntun máa ń béèrè macOS (ètò tó ń darí Mac) tuntun, macOS tuntun á sì ní òun kò mọ Mac àtijọ́ rí. Ibẹ̀ ni owó náà sá sí. Ti iPad tún dá dúró: nígbà tó jáde ní 2023, $4.99 lóṣù tàbí $49 lọ́dún ni, kódà fún ẹni tó ti ra ti Mac.

Reaper kò ní ariwo. Justin Frankel tó ṣe Winamp, sọ́fítíwíà tí a fi ń gbọ́ orin, ló wà nídìí rẹ̀. Ọgọ́ta ọjọ́ ni ẹ ó fi dán an wò, láìsí ohun tí wọ́n dè mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ra 7, owó rẹ̀ gbé e dé 8.99. Nọ́ńbà ni wọ́n kọ sílẹ̀, wọn kò pe ẹnikẹ́ni sí ayé-àìlópin.

Torí ìlérí "títí ayé" bíi ti FL yẹn, ayé ta ni? Ní 2016, Cakewalk, tó wà lábẹ́ Gibson nígbà náà, ta àtúnṣe títí ayé fún àwọn tó ń lo Sonar, sọ́fítíwíà orin rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2017, Gibson dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Ní 2018, BandLab ti Singapore rà á, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín in lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé, ẹni tó sanwó àti ẹni tí kò san. Ayé ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń wí, kì í ṣe tiyín. Mo ṣì gba ìlérí FL gbọ́, nítorí ọdún tí wọ́n ti fi mú un ṣẹ ti pọ̀, kì í ṣe nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu.

Bó bá jẹ́ ọmọ iṣẹ́ tó ń fi láptọ́ọ̀pù Windows bẹ̀rẹ̀, FL Producer ni mo máa ní kó tọ́jú owó fún. Bí $60 nìkan ló wà lọ́wọ́, Reaper. Ẹni tó ní Mac tí kò tíì gbó, kó ra Logic. Live wà fún ẹni tó ń ṣeré níwájú èrò, tí owó ìnáwó ń wọlé fún. Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ tọ́jú fáìlì tí ẹ fi gbé e sórí kọ̀ǹpútà àti ímeèlì tí nọ́ńbà àṣẹ wà nínú rẹ̀ sí ibi méjì. Bí ẹ kò bá fẹ́ san ti ẹ̀dà tuntun lọ́jọ́ kan, òun ni ẹ ó fi máa bá ti àtijọ́ lọ.