Mercedes E-Class W211 tòkunbọ̀: ọdún tí ẹ bá rà ni yóò sọ iye tí ẹ ó ná

Ẹni tó bá ń wo Mercedes E-Class W211 lọ́jà tòkunbọ̀ báyìí, ọdún tí wọ́n ṣe é ni kó kọ́kọ́ bèèrè, kó tó bèèrè iye tí wọ́n ń tà á. 2002 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, 2009 ni wọ́n ṣíwọ́, gbogbo wọn sì jọra lójú ẹni tó ń kọjá lọ. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni ìyàtọ̀ wà. Ẹ lè rí méjì ní ọgbà alágbàtà kan náà, kí owó wọn má jura lọ, kí ọ̀kan sìn yín fún ọdún gbọọrọ, kí èkejì sì máa jẹ owó yín bí ikán.

E320 ti 2005 ni tèmi. Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ti rí òjò Èkó, ó sì ti rí kòtò. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Bẹ́ẹ bá gbé e sójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ẹ ò ní mọ̀ pé eré ń bẹ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ àfi tí ẹ bá wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Bàbá mi tí orúnkún ń dà láàmú, inú ọkọ̀ yìí nìkan ló ti ń sùn lójú ọ̀nà.

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀, 3.2 tí wọ́n ń pè ní M112, ló mú mi yan ọdún yẹn. Ẹ́ńjìnnì tó le ni, bí ẹ bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò. Lítà 8 ló ń mu o, ẹni tó bá ra kẹ́ẹ̀gì lítà 4 kan ti ra ìdajì. Plọ́ọ̀gì rẹ̀ jẹ́ 12, nítorí pé sílíńdà kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń lo méjì-méjì. Mẹ́káníìkì tó bá ní kí ẹ lọ ra mẹ́fà kò mọ ọkọ̀ náà. Gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí orí ẹ́ńjìnnì (valve cover) máa ń jo bó bá ti dàgbà, ọ́ìlì á máa kán sórí irin gbígbóná, ẹ ó sì máa gbóòórùn jíjó nínú ọkọ̀. Ìyẹn kò wọ́n láti ṣe.

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ nígbà tí E350 dé. Àwọn tó ti Amẹ́ríkà wá, láti 2006 ni wọ́n ti ń lo ẹ́ńjìnnì 3.5 tí wọ́n ń pè ní M272. Agbára rẹ̀ pọ̀ ju ti tèmi lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, eyín irin kan tó ń yí ọ̀pá tí wọ́n ń pè ní balance shaft máa ń jẹ tán kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Bí ó bá ti jẹ, ìṣísẹ̀ ẹ́ńjìnnì á yẹ̀, iná check engine á tàn, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wò á sì gbé 1200 tàbí 1208 jáde. Irin náà kò tóbi, àmọ́ ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ jáde látòkè délẹ̀ kí ọwọ́ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ yẹn lè gba 4,000 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn onímọ́tò ibẹ̀ sì gbé e lọ sílé ẹjọ́.

Nílé níbí, ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ mìíràn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lọ rà ní Ládípọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Nọ́ńbà mẹ́fà tó gbẹ̀yìn ni kí ẹ wò: bí kò bá tó 468993, irin àtijọ́ yẹn ló wà nínú rẹ̀, àìsàn kan náà lẹ sì tún fẹ́ rà padà sílé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ dídùn yí yín lọ́kàn padà lórí èyí.

Gíà oníméje tó wà lára E350 náà ní tirẹ̀. Pátákó iná kan wà nínú ọ́ìlì gíà, òun ló ń gbé sẹ́ńsọ̀ tó ń ka ìyára. Bí ó bá bàjẹ́, ọkọ̀ á dúró sórí gíà kan, kò ní pààrọ̀ mọ́. Wọ́n á ní gíà ti kú, kí ẹ ra odidi. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ná, ó lè jẹ́ pátákó yẹn nìkan.

Bíréèkì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Àwọn W211 tí wọ́n ṣe títí di àárín 2006, tèmi náà wà lára wọn, SBC ni bíréèkì wọn. Ẹsẹ̀ yín kọ́ ló ń ti ọ́ìlì bíréèkì lọ sí táyà. Kọ̀ǹpútà ló ń ka bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́, páǹpù oníná ló sì ń ṣe iṣẹ́ náà. Ó ń mú dáadáa. Àmọ́ páǹpù náà ń ka iye ìgbà tó bá ṣiṣẹ́, bó bá ti tó nǹkan bí 300,000, dáṣíbọ́ọ̀dù á ní kí ẹ wá tún bíréèkì ṣe, kódà bí kò bá tíì bàjẹ́. Bó bá kọṣẹ́ pátápátá, táyà iwájú nìkan ni yóò máa mú, ẹ ó sì tẹ̀ ẹ́ jìn kó tó mú. Ní 2004, ilé iṣẹ́ náà pe nǹkan bí 680,000 ọkọ̀ padà nítorí bíréèkì yìí. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti sún àkókò tí wọ́n ó fi máa tún páǹpù náà ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ dé ọdún 25. Ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò níbẹ̀ tó fẹ́ fi irú ọkọ̀ yìí ránṣẹ́ sílé, kó sọ fún un kó kọ́kọ́ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tún un ṣe.

Nílé, àwọn kan máa ń fi kọ̀ǹpútà dá ònkà yẹn padà sí òdo. Iye ni wọ́n pa rẹ́, páǹpù kò di tuntun. Ẹ tún gbọ́ èyí: ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ páàdì bíréèkì W211 tó ní SBC gbọ́dọ̀ fi kọ̀ǹpútà pa SBC náà kó tó fọwọ́ kàn án. Bí ẹnìkan bá tẹ kọ́kọ́rọ́ tàbí tó ṣí ilẹ̀kùn, páǹpù lè jí, kí bíréèkì sì pa mọ́ ìka mẹ́káníìkì. Ọmọ ẹlòmíràn ló wà lábẹ́ ọkọ̀ yín o.

Ibi tí owó mi lọ jù ni Airmatic, ìyẹn ṣọ́ọ̀kì onírọ́bà tó ń lo afẹ́fẹ́. Rọ́bà tó ti tó ogún ọdún, tí kòtò ń nà lójoojúmọ́, yóò là ni. Bí ó bá ti là, ọkọ̀ á sùn kalẹ̀ lápá kan láàárọ̀, ẹ̀rọ tó ń fún un ní afẹ́fẹ́ á máa ṣiṣẹ́ láìsinmi títí yóò fi jó. Mo ra ẹyọ kan ti iwájú ní Ládípọ̀ ní nǹkan bí ₦220,000, ti tòkunbọ̀ ni, kò pẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í jo. Tuntun ni mo padà rà, ó lé ní ìlọ́po méjì iye yẹn, ó sì tọ́ sí owó náà. Àwọn kan ń yọ ọ́ kúrò, wọ́n ń fi sípíríǹgì sí i. Mi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n ìrọ̀rùn tí a tìtorí rẹ̀ ra ọkọ̀ á dín kù. E500 ló máa ń bá Airmatic wá láti ilé iṣẹ́. Nínú E320 àti E350, ẹ lè rí èyí tí kò ní in.

Iná ọkọ̀ náà kò fẹ́ ìwàǹwára. Bátìrì ńlá wà nínú búùtù, kékeré wà níwájú nínú àwọn tó ní SBC. Bí bátìrì bá rẹ̀, ìkìlọ̀ oríṣiríṣi á bo dáṣíbọ́ọ̀dù. Onínáa kan ti fẹ́ gé wáyà fún mi rí nítorí irú rẹ̀. Mo kọ̀, mo pààrọ̀ bátìrì, gbogbo ìkìlọ̀ náà pa rẹ́.

Bí ẹ bá bi mí léèrè èwo ni kí ẹ rà, E350 ti 2008 tàbí 2009 tí kò ní Airmatic ni. Kò ní SBC, irin àtijọ́ yẹn kò sì sí nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Bí owó kò bá tó o, E320 ti 2005 dára, bí páǹpù bíréèkì bá ti di tuntun. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ lọ wò ó, kí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, kí ẹ sì mú ẹni tó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò dání. Olùtajà tó bá ti tan ọkọ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó dé, ẹ ní kó pa á, kí ẹ dúró kó tutù.