Ìwé ìròyìn orin fáwọn ọ̀dọ́ Ìbàdàn: ṣé ká tẹ̀ ẹ́ sí bébà ni, àbí ká gbé e sórí fóònù?

Ọmọ ọdún 16 sí 24 là ń bá sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ Poli, ọmọ Yunifásítì àtàwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ní Agbowó. Ọwọ́ wọn kì í kúrò lára fóònù. Bí wọ́n bá ń kà nípa Barrister, àgbà onífújì tí wọ́n bí n'Ìbàdàn níbí lọ́dún 1948, wọ́n á tẹ líǹkì, orin á bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bébà ò lè ṣèyẹn. Àṣìṣe orí fóònù sì ṣeé tún ṣe.

Owó ìtẹ̀wé wúwo. Bí a bá sì máa gán ìwé láàárín, iye ojú-ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé fi 4 pín: 32 ṣeé ṣe, 30 ò ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí fọ́tò olórin gba ojú-ìwé méjì àárín yẹn! Mo ti rí irú rẹ̀ lára ògiri yàrá kan ní Mọ́kọ́lá, gọ́ọ̀mù ti gbẹ létí rẹ̀, àwọ̀ ti ń ṣí, ọmọ náà ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ìfẹ́ nìyẹn.

Fóònù ni màá fi bẹ̀rẹ̀, lóṣooṣù. Bébà á máa jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, pẹ̀lú fọ́tò ńlá láàárín.